Béèsì tí kò bo ohùn olórin mọ́lẹ̀

Ẹni tó bá ti ra íápíìsì rí ní Wuse tàbí Garki l'Abuja mọ ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà kọ́kọ́ máa ń sọ: "Béèsì ẹ̀ ò kéré o, ẹ gbọ́ ọ wò." Wọ́n á fi orin tó ń ró gbì-gbì sí i, orí á máa mì, owó á jáde. Kó jẹ́ ti wáyà àbí ti Bluetooth, ìyẹn ò gba àlàyé kankan. Èyí tó gba àlàyé ni bí béèsì ṣe lè pọ̀ kí orin sì tún dún bó ṣe yẹ kó dún, torí ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ pàdánù ìkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Etí èèyàn ń gbọ́ ìró láti nǹkan bí 20 Hz dé 20,000 Hz; Hz ni iye ìgbà tí ìró ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ńbà yìí kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ sára páálí, ti olówó ńlá àti ti pọ́ọ́kú, kò sì wúlò fún ẹni tó ń rà á, torí kò sọ èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ. Láti 20 dé bí 250 Hz là ń pè ní béèsì. Ìsàlẹ̀ pátápátá rẹ̀, tí kò tó 60, ara ló ń mọ̀ ọ́n ju etí lọ. Láti nǹkan bí 100 sókè ni ohùn èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá gbé ìsàlẹ̀ pátápátá yẹn sókè, tó sì jẹ́ kó rọlẹ̀ kó tó dé 200, béèsì á wúwo, ohùn olórin á sì mọ́ kedere. Bó bá jẹ́ àárín 100 sí 250 ló gbé sókè, gbogbo rẹ̀ á kùn pọ̀, nítorí ìró ìsàlẹ̀ tètè máa ń bo ti òkè mọ́lẹ̀ ju bí ti òkè ṣe ń bò ó lọ. Ẹ fi orin jùjú tàbí fújì tí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ dán an wò. Bí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ò bá mọ ohun tí ìlù ń wí mọ́, béèsì yẹn ti kọjá àyè rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn béèsì ò jẹ̀bi. Nígbà tí Sean Olive, onímọ̀ nípa ìró, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harman, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́rin, ní kí àwọn èèyàn yan ìró tó wù wọ́n, èyí tí béèsì rẹ̀ ga díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn yàn.

Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ni gbólóhùn "íápíìsì yìí ò ní béèsì." Nígbà púpọ̀, ó ní in, rọ́bà orí rẹ̀ ni kò dí ihò etí. Pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ ni íápíìsì, ihò etí sì ni táyà. Bí fáàfù bá ń jò, ẹni tó ń ti pọ́ọ̀ǹpù kíákíá ṣì lè mú táyà le díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ò tíì ráyè jáde tán kí òmíràn tó wọlé. Ẹni tó ń rọra tì í ń ṣe lásán. Ìró tó ń mì ní 3,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹni tó ń yára. Béèsì, tó ń mì ní 40 péré, lẹni tó ń rọra. Àlàfo bíńtín ti tó kí béèsì jò lọ, ohùn olórin ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wá lọ yí béèsì sókè lórí fóònù ń fi agbára kún pọ́ọ̀ǹpù nígbà tí fáàfù ṣì ń jò. Ẹni tó lọ ra íápíìsì tuntun ní tirẹ̀ ti ju kẹ̀kẹ́ nù.

Rọ́bà mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú páálí. Ti àárín ni wọ́n máa ń fi sórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ní fọwọ́ kan ìyókù títí ayé, bẹ́ẹ̀ etí ọ̀tún àti ti òsì gan-an lè má gba ìwọ̀n kan náà. Ẹ fi ìka tì í wọlé díẹ̀ bí orin bá ń lọ. Bí béèsì bá pọ̀ sí i lójijì, rọ́bà yẹn kéré. Fóòmù ń dí etí dáadáa, àmọ́ òógùn tètè ń bà á jẹ́, ooru Abuja ní oṣù kẹta ò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Ibi tí gbígbọ́ ọ wò lọ́dọ̀ ọlọ́jà ti lábùkù ni ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń yí bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: àárín béèsì gan-an ni ariwo rẹ̀ jókòó sí. Ọlọ́jà á yí ohùn sókè kó lè borí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ nípa ìró, ti fi hàn láti 1933 pé bí èèyàn bá ṣe ń yí ohùn sílẹ̀ ni etí ń pàdánù béèsì ju ìyókù lọ. Ẹni tó bá wá délé ní Kubwa tàbí Lugbe lálẹ́, tó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ gbọ́ ọ, yóò rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ọjà mọ́ òun lọ́wọ́. Kí èèyàn rìn jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ kó tó dán an wò, kó yí ohùn sí ibi tó máa ń gbọ́ ọ sí nílé, kó sì lo orin tó mọ̀ bí ẹni mowó. Èyí tó wà lórí fóònù ọlọ́jà, wọ́n ti ṣà á fún iṣẹ́ yẹn.