Iṣan apá àti iṣan orí

Iṣan apá àti iṣan orí ni àwọn fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ bá ẹran ara ní ọwọ́, èjìká, ojú àti agbárí, tó sì ń gbé ìmọ̀lára awọ padà wá fún un. Orísun wọn yàtọ̀ síra. Ti apá ń jáde láti inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ní ọrùn; èyí tó pọ̀ jù nínú ti orí ń jáde tààrà láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, wọ́n ń kọ́ni nípa wọn ní ẹ̀ka ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ wà ní Ṣágámù, àti ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, tí wọ́n fi orúkọ Benjamin Carson, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, sọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀.

Ìdìpọ̀ iṣan apá

Gbòǹgbò márùn-ún ló pilẹ̀ iṣan apá: ti ọrùn karùn-ún dé ìkẹjọ (C5 sí C8), àti àkọ́kọ́ ti àyà (T1). Eegun ọrùn kò ju méje lọ, síbẹ̀ iṣan ọrùn jẹ́ mẹ́jọ, torí pé èyí àkọ́kọ́ gba òkè eegun kìíní jáde, ìkẹjọ sì gba abẹ́ eegun keje. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti sábà máa ń ṣìnà.

Àwọn gbòǹgbò yìí ń gba àárín ẹran méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, scalenus anterior àti scalenus medius. C5 àti C6 á so pọ̀ di ìtì òkè, C7 á dá dúró ní ìtì àárín, C8 àti T1 á di ìtì ìsàlẹ̀. Ìtì kọ̀ọ̀kan á wá pín sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀ka ẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á para pọ̀ di okùn ẹ̀yìn. Ẹ̀ka iwájú ti ìtì òkè àti ti àárín á di okùn ẹ̀gbẹ́ òde, ti ìtì ìsàlẹ̀ á sì di okùn ẹ̀gbẹ́ inú. Okùn mẹ́ta yìí ló yí òpójẹ̀ abíyá ká. Lápapọ̀, ohun tó bá gba ẹ̀yìn ń lọ bá ẹran tó ń na ọwọ́, ohun tó bá gba iwájú ń lọ bá ẹran tó ń ká a.

Bí ọkọ̀ tó ti Èkó bọ̀ ṣe lè yà ní Ṣágámù gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí kó kọjá lọ sí Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán inú gbòǹgbò kan lè bá oríṣiríṣi iṣan lọ. Ìdí nìyẹn tí àìsàn gbòǹgbò kì í fi jọ àìsàn iṣan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló rọ.

Iṣan márùn-ún tó wọ apá

Iṣan axillary ń lọ bá ẹran tó bo èjìká. Ó lè fara pa bí èjìká bá yẹ̀. Musculocutaneous ń lọ bá ẹran iwájú apá.

Iṣan radial lọ́ mọ́ ẹ̀yìn eegun apá, ó sì sún mọ́ eegun náà pẹ́kípẹ́kí. Bí eegun apá bá kán láàárín, iṣan yìí lè kán mọ́ ọn tàbí kí ó há sáàárín rẹ̀, ọrùn ọwọ́ á sì ṣubú, kò ní ṣeé gbé sókè. Ìdánwò tó rọrùn ni kí teguntegun tàbí dókítà ní kí aláìsàn gbé ọrùn ọwọ́ sókè kó tó de apá náà, torí lẹ́yìn dídè kò ní rọrùn mọ́ láti mọ ìgbà tí ìpalára ṣẹlẹ̀.

Iṣan median gba iwájú apá dé ọrùn ọwọ́, níbi tí òun àti okùn ẹran mẹ́sàn-án ti há sínú ihò tóóró kan. Bí ihò náà bá fún, àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín á máa kú tipiri, pàápàá lóru. Iṣẹ́ tó ń yí ọrùn ọwọ́ léraléra, irú bíi kí a máa fi igbá ro gàrí nínú agbada láti àárọ̀ dé ọ̀sán, wà lára ohun tó ṣeé ṣe kó dá kún un.

Iṣan ulnar gba ẹ̀yìn ìgúnpá, lábẹ́ awọ lásán, ìdí tí ìrora fi máa ń ta dé ìka ọmọńdinrín bí èèyàn bá fi ìgúnpá gbá nǹkan. Àrùn ẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn iṣan yìí; ó lè mú kí ó wú, kí ìka òrùka àti ọmọńdinrín sì ká kò.

Ìpalára sí ìdìpọ̀ iṣan apá

Bí ọrùn àti èjìká bá fa ara wọn síta, ìtì òkè ló máa ń kọ́kọ́ ya. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí èjìká rẹ̀ há nígbà ìbí, tàbí sí ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà tó fi èjìká lulẹ̀. Dókítà Duchenne ará Faransé ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1872, Dókítà Erb ará Jámánì ní 1874. Apá á rọ̀ sílẹ̀, á yí sínú, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sẹ́yìn.

Ìtì ìsàlẹ̀ ń ya bí ọwọ́ bá fà sókè lójijì, bíi ti ẹni tó ń já bọ́ látorí igi obì tó fi ọwọ́ kan di ẹ̀ka mú. Àwọn ẹran kéékèèké inú ọwọ́ ló ń kú. Augusta Klumpke, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Paris, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1885.

Iṣan orí

Oríṣi méjìlá ni iṣan tó ń ti inú agbárí jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Trigeminal, tó tóbi jù nínú wọn, ló ń gba ìmọ̀lára ojú, òun náà ló sì ń darí ẹran tí a fi ń jẹun. Facial ń darí ìrísí ojú. Bí òun fúnra rẹ̀ bá dákẹ́, gbogbo apá kan ojú á rọ, iwájú orí pẹ̀lú. Nínú rọpárọsẹ̀ tó ti inú ọpọlọ wá, iwájú orí sábà máa ń ṣì lè hunjọ, torí pé apá méjèèjì ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ síbẹ̀. Awọ ìpàkọ́ kì í ṣe ti àwọn méjìlá yìí. Iṣan ọrùn, pàápàá C2, ló ni ín.

Ibi tí apá àti ojú ti pàdé

Fọ́nrán kan tó ń jáde pẹ̀lú T1 kì í wọ apá: ó ń gòkè gba ọrùn lọ sí ojú. Bí gbòǹgbò yìí bá fà tu nítòsí mùdùnmúdùn, ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ọmọlójú á kéré, apá kan ojú náà kò sì ní làágùn mọ́, gẹ́gẹ́ bí Horner, dókítà ojú kan, ṣe ṣàpèjúwe àmì wọ̀nyí ní 1869. Nítorí náà, bí ọwọ́ aláìsàn bá rọ, ojú rẹ̀ náà yẹ ní wíwò. Gbòǹgbò tó bá fà tu báyìí kì í sábà ṣeé rán padà. Iṣan mìíràn ni oníṣẹ́ abẹ máa ń yà sí apá náà, irú bíi èyí tó wà láàárín egungun ìhà, tàbí accessory, tó jẹ́ ọ̀kan nínú méjìlá ti orí.