Èèpo ẹ̀gẹ́ ò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì

Nínú ẹ̀gẹ́ tó bá wọ ibi ìyan gàrí, èèpo àti ìdí tí wọ́n gé sọnù máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àwọn tó ń bó o bá ń fi ọ̀bẹ wọnú ẹran ẹ̀gẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ́sẹ̀, bíi tọ́ọ̀nù méjì ló ń lọ sẹ́yìnkùlé. Níbẹ̀ ló ti ń rà tó ń rùn. Wọ́n á dáná sun ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá di ìgbà òjò, omi rẹ̀ á ṣàn lọ sódò. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń sin adìẹ ládùúgbò kan náà ń wá owó àgbàdo kiri.

Àwọn àjọ ìwádìí mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ lórí bí èèpo yìí ṣe lè di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn n'Íbàdàn: IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1967, ILRI, àjọ tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nairobi, àti CIP, àwọn onímọ̀ ọ̀dùnkún àti ànàmọ́, tí ibùjókòó wọn wà ní Lima, lórílẹ̀-èdè Peru. Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n lò: ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́, jáàkì tí wọ́n fi ń tẹ omi jáde, asẹ́ àti agbada, ohun tí àwọn ìyá onígàrí mọ̀ bí ẹní mowó. Ìwọ̀n ni wọ́n fi kún un. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ká rin ín? Omi mélòó ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù? Májèlé wo ló wà níbẹ̀, kí ló sì ń lé e lọ? Gbogbo ìdáhùn wọn forí sọ ibì kan náà: kí omi inú èèpo jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bó o gan-an.

Ọ̀nà àtijọ́ ni ká sá èèpo odindi sétí títì. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ń gbà bí oòrùn bá mú, òjò sì lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn ló ń bu. Àwọn kan nínú ohun tó ń mú un bu máa ń pèsè májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́, tó sì ń gba inú màlúù wọ inú wàrà. Oòrùn ò lè lé e jáde mọ́ bó bá ti wọlé, iná agbada náà ò lè tán an. Èèpo tó ti dúdú tàbí tó hu irun funfun, ẹ jẹ́ kó di ilẹ̀dú.

Májèlé kejì ni sáyánáìdì, èyí tó ń pa ewúrẹ́ tó bá jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ kíkorò ní tútù. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó ń di sáyánáìdì àti ohun tó ń tú u sílẹ̀ kì í gbé inú yàrá kan náà nínú èèpo. Bí ẹ̀rọ bá rin èèpo kúnná, ògiri àárín wọn á wó, wọ́n á pàdé, sáyánáìdì á sì bá afẹ́fẹ́ àti omi jíjò lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká rin ín lẹ́ẹ̀mẹta. Èèpo máa ń yọ̀, ó sì yi. Bó bá gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì wà ní jáńjálá, omi sì há sínú rẹ̀.

Kí ẹ tó rin ín, ẹ ṣà á. Ẹ yọ ìdí tó le bí igi, òkúta, àti irin ọ̀bẹ tó já sínú rẹ̀. Ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, torí iyanrìn ń jẹ ẹnu ẹ̀rọ, kò sì ṣe ẹran láǹfààní kankan. Orí sìmẹ́ńtì ló yẹ kí wọ́n ti máa bó ẹ̀gẹ́.

Ó kan jáàkì. Ẹ jẹ́ ká fi 300 kílò ṣe ìṣirò. Èèpo tútù ní omi tó ìdá 70 nínú 100, nítorí náà 90 kílò péré ni oúnjẹ gidi, 210 sì jẹ́ omi. Bí jáàkì bá tẹ̀ ẹ́ títí omi fi kù sí bí ìdá 40, ohun tó wà nínú àpò á di 150 kílò. Ìyẹn ni pé 150 lítà omi ti jáde láìsí igi ìdáná, láìsí oòrùn. Ẹni tó bá ń kánjú tú jáàkì ló máa sanwó rẹ̀ níbi sísá.

Ẹ fọ́ èyí tó dì náà sí wẹ́wẹ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì, ẹ máa fi ọwọ́ tàbí ráàkì yí i. Bí oòrùn bá mú dáadáa, wákàtí mẹ́fà tó. Nígbà òjò, agbada ló kù, iná rẹ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀ kó má baà jóná. Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá máa gé igbó kó tó yan èèpo ò tíì yẹra fún òfò. Ó kàn gbé e láti ibì kan lọ síbòmíràn ni. Ẹ fi agbada sílẹ̀ fún ọjọ́ tí òjò bá ká yín mọ́.

Omi tí jáàkì fún jáde burú ju bó ṣe rí lójú lọ. Sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, ìyókù rẹ̀ á kan, á sì gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lẹ́nu bó bá wọ odò. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un níbi tó jìnnà sí kànga.

Tó bá di ọ̀rọ̀ fífi bọ́ ẹran, èyí tó kúnná wà fún adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja. Háríhárí tó kù lórí asẹ́ wà fún ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Agbára ni èèpo ní. Èròjà amáradàgbà rẹ̀ kéré, bí ìdá 5 nínú 100, nígbà tí àgbàdo ní 8 sí 9. Ẹni tó bá yọ kílò 10 àgbàdo tó fi kílò 10 èèpo rọ́pò rẹ̀ ní láti fi bíi kílò kan sóyà tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ kúrò kún un. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyí: wọ́n á pààrọ̀ àgbàdo, wọn ò ní fi nǹkan kan kún un, ẹyin á dín, wọ́n á ní èèpo ò dáa. Àwọ̀ pupa ẹyin náà lè ṣá, torí àgbàdo pupa ló ń fún un láwọ̀. Ewé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ máa ń ṣàtúnṣe rẹ̀. Èèpo tó kúnná náà tún ń ku bí èlùbọ́, ó sì ń wọ adìẹ nímú. Ẹ fi epo pupa díẹ̀ pò ó.

Kí ẹ tó di àpò, ẹ wọn kílò kan, ẹ tún un sá fún wákàtí kan, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, kò tíì gbẹ. 300 kílò àárọ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ 100 nírọ̀lẹ́, ìyẹn ni pé omi tó kù ò ju ìdá 10 sí 12 lọ. Bí òṣùwọ̀n bá ní 120, ìdá mẹ́rin àpò yẹn, ọ̀kan ṣì jẹ́ omi, á sì bu kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Bó bá gbẹ tán, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó rán ẹnu àpò, torí ooru tó bá há sínú rẹ̀ á di omi lóru, kí ẹ sì tò ó sórí pákó, kó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri.