Ṣé iṣẹ́ ẹni tí ìwé ò wọ̀ lórí ni títún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ṣe?

Bí ọmọ kan bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹbí: "Ẹ jẹ́ ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, ìyẹn ò ṣáà gba ìwé." Ojú yẹn náà ni wọ́n fi ń wo àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ní Ìkẹjà, ní Àgbárá, ní Ewékorò tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti lè gbá sípánà mú dáadáa ti mọ iṣẹ́ náà tán. Irọ́ gbáà ni, ó sì ń ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà.

Ẹ wo bíárìn, ohun róbótó tó ń jẹ́ kí irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká ní wọ́n kọ 6205 C3 sára rẹ̀. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ yóò fi márùn-ún sọ 05 tó gbẹ̀yìn di púpọ̀, ó di 25: ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 25. 62 tó ṣáájú ń sọ irú tó jẹ́ àti bó ṣe tóbi sí, torí náà ó mọ̀ pé ìbú rẹ̀ látòkè délẹ̀ jẹ́ mìlímítà 52, ó sì nípọn tó 15. C3 ní tiẹ̀ ń sọ pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe máa ń wà lọ, nítorí irin máa ń wú bó bá gbóná. Bí ẹnì kan bá lọ fi èyí tí kò ní C3 rọ́pò rẹ̀ lára ẹ̀rọ tó ń gbóná gan-an, bíárìn náà lè há, kó sì ba irin tó gbé e jẹ́. Agbára apá ò lè dí irú ìyẹn lọ́wọ́.

Gíríìsì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó. Àmọ́ bó bá kún inú bíárìn tó ń sáré, ńṣe ni bíárìn á máa rò ó bí ẹní ń ro àmàlà, ooru á dé, gíríìsì náà á sì bàjẹ́. Àwọn gíríìsì kan ò tiẹ̀ bára wọn rẹ́: bí a bá po èyí tí wọ́n fi lithium mú ki mọ́ èyí tí wọ́n fi polyurea mú ki, ó lè di omi, kó sì ṣàn jáde.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù lọ lójú tèmi ni wíwá ìdí. Ẹ̀rọ tó ń lo iná féèsì mẹ́ta lè jóná nítorí pé féèsì kan lọ. Ẹni tí kò bi ara rẹ̀ pé kí ló fà á yóò ní kí wọ́n wé wáyà tuntun sí i, á dá a padà síbi tó wà, á sì tún jó.

Mi ò bẹnu àtẹ́ lu àwọn ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lójú títì. Ọwọ́ wọn mọ ohun tí ìwé nìkan ò lè kọ́ni, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí kò sì lè tú ẹ̀rọ kan kó tò ó padà. Ìdí nìyẹn tí ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó dáa fi ń so méjèèjì pọ̀. Láti 1973 ni ITF, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 láti máa rí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ti ń ṣe ètò SIWES tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé iṣẹ́. Ní pólì, ọdún méjì ni ND, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn náà ọdún méjì míì fún HND. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba náà wà, irú èyí tó wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìṣirò àti àwòrán ẹ̀rọ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún ibikíbi, ẹ lọ wò ó. Ṣé ẹ̀rọ wà níbẹ̀ táwọn ọmọ ń fọwọ́ ara wọn tú? Ṣé wọ́n ń kọ́ wọn láti ka àwòrán ẹ̀rọ? Ṣé wọ́n ń kọ́ wọn pé kí oníṣẹ́ tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, kó pa iná rẹ̀, kó fi àgádágodo tirẹ̀ tì í pa, kó sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání? Bí wọn ò bá ń kọ́ wọn ní ti ìkẹyìn yìí, ẹ wá ibòmíì.