Níbo ni Ìtàn Ìkún-Omi Àtayébáyé Ti Ṣẹ̀ Wá?

Ọmọ tálákà ni George Smith. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó kúrò níléèwé nílùú London, tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín àwòrán tí wọ́n fi ń tẹ owó bébà. Ṣùgbọ́n bí àkókò oúnjẹ ọ̀sán bá ti tó, British Museum ló ń gbà lọ, á lọ máa wo àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ Ásíríà. Ó wò wọ́n títí ó fi mọ̀ wọ́n kà bí àwọn ọ̀mọ̀wé, ni wọ́n bá gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1872 ló kan àfọ́kù wàláà kan tó wá láti ibi ìkówèésí Ọba Ashurbanipal ní Nínéfè, èyí tó ti wà láti nǹkan bí 2,650 ọdún sẹ́yìn. Ohun tó kà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ sórí òkè, wọ́n rán àdàbà jáde, àdàbà ò rí ibi bà lé, ó padà.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù December ọdún yẹn, ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ sétí àwùjọ, William Gladstone tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà níjokòó. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Nóà nínú Jẹ́nẹ́sísì, tàbí tó gbọ́ ti Ànábì Nuhu nílé kéwú, á mọ ìdí tí ariwo fi ta. Utnapishtim, ará ìlú Shuruppak, ni wàláà yìí pe ọkùnrin tó kan ọkọ̀. Òrìṣà Ea ló ta á lólobó, tó sọ̀rọ̀ sí ògiri esùsú ilé rẹ̀ pé kó wó ilé, kó fi kan ọkọ̀, kó kó gbogbo ohun ẹlẹ́mìí sínú rẹ̀. Ìjì jà fún ọjọ́ mẹ́fà àti òru méje. Lẹ́yìn àdàbà, ó rán alápàǹdẹ̀dẹ̀, òun náà padà. Ó rán ẹyẹ ìwò, ìyẹn ò padà mọ́. Ìtàn kan náà wà lórí wàláà tó fi nǹkan bí 1,000 ọdún dàgbà ju ti Nínéfè lọ. Níbẹ̀, Atrahasis lorúkọ ọkùnrin náà, ẹ̀ṣẹ̀ tí aráyé sì ṣẹ̀ ni pé ariwo wọn ò jẹ́ kí Enlil, olórí àwọn òrìṣà, rí oorun sùn.

Orúkọ ìlú yẹn ni kí a dì mú. Ìlú gidi ni Shuruppak. Òkìtì ahoro rẹ̀ wà ní gúúsù Ìráàkì lónìí, Tell Fara ni wọ́n ń pè é, ẹ̀bá ibi tí odò Yúfírétì ń gbà kọjá láyé ìgbà náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó bí ìtàn náà, ìwà odò ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Orí àwọn òkè ilẹ̀ Tọ́kì ni Tígírísì àti Yúfírétì ti ń ṣàn bọ̀. Yìnyín máa ń bo àwọn òkè wọ̀nyẹn nígbà òtútù. Bí oòrùn bá ti mú, yìnyín á yọ́, odò méjèèjì á kún ní April àti May. Odò Náílì ní tirẹ̀ máa ń kún kí àwọn ará Íjíbítì tó fúnrúgbìn, oore ló ń ṣe wọ́n. Ti Mesopotámíà, ìyẹn ilẹ̀ tó wà láàárín Tígírísì àti Yúfírétì, ń dé nígbà tí ọkà báálì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kórè. Ẹrẹ̀ ló wá burú jù níbẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé omi ò lágbára láti gbé gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ dé òkun. Ó ń dà á sí ìsàlẹ̀ odò àti sí bèbè, lọ́dọọdún, títí odò fúnra rẹ̀ fi ga ju oko àti ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Bí bèbè bá ya, kò sí ohun tó máa dá omi dúró, kò sì sí òkè tí èèyàn lè sá gùn. Ẹni tó bá gorí òrùlé, tó wò yíká, tí kò rí nǹkan kan bí kò ṣe omi títí dé ibi tí sánmà ti kanlẹ̀, kò purọ́ tó bá ní gbogbo ayé ló rì. Ní 1954 pàápàá, Tígírísì kún tó bẹ́ẹ̀ tó fi bo ilẹ̀ rẹpẹtẹ yí Baghdad ká. 1956 ni wọ́n ṣí ìdènà omi ní Samarra, tó ń darí àkúnya rẹ̀ lọ sí kòtò Tharthar.

Leonard Woolley, awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fojú ara rẹ̀ rí ẹrẹ̀ yẹn. Ó ń walẹ̀ ní Úrì, ìlú tí Bíbélì ní Ábúráhámù ti jáde wá. Ní 1929, nísàlẹ̀ ibi tí sàréè àwọn ọba wà, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wa kòtò tóóró kan lọ, ó ń bá àpáàdì àti eérú pàdé. Lójijì, àpáàdì tán, amọ̀ mímọ́ ló kù. Òṣìṣẹ́ náà ní àwọn ti kan ilẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn ò bà rí, kí wọ́n jẹ́ kóun jáwọ́. Woolley wọn ibẹ̀, ó rí i pé ó ṣì ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní kó máa wà á lọ. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ amọ̀ ni wọ́n wà já láìrí nǹkan kan, kí àfọ́kù ìkòkò tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pẹ̀lú òkúta tí wọ́n gbẹ́ ṣe irinṣẹ́. Àwọn èèyàn ti gbé ibẹ̀, omi gbé ẹrẹ̀ bò ó, àwọn mìíràn tún wá kọ́lé lé e. Woolley pe méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n wò ó, wọn ò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Katharine ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní ìkún-omi náà kúkú ni. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n Tell al-Ubaid, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà sí Úrì, kò ní irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí i ní Eridu náà. Ní Kish àti Shuruppak wọ́n rí ẹrẹ̀ ibẹ̀, àmọ́ ìgbà wọn ò bá ti Úrì dọ́gba: ti Úrì ti wà ṣáájú ọdún 3500 kí a tó bí Jésù, ti Shuruppak bọ́ sí nǹkan bíi 2900. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní a jẹ́ pé irọ́ ni ìtàn náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹrẹ̀ ń sọ ni pé omi dé, ó tún dé, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ọdún tirẹ̀. Ẹnu àwọn onítàn ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Lójú tèmi, ti Shuruppak ló fún ìtàn náà ní ibùdó. Nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn ará Súmérì, àwọn tó ń gbé gúúsù Mesopotámíà láyé àtijọ́, fi ka àwọn ọba wọn, Shuruppak ni ìlú tí oyè wà kẹ́yìn kí ìkún-omi tó gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni oyè tún sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run, ó bọ́ sí Kish.

Ọkọ̀ inú ìtàn náà pàápàá, ọkọ̀ odò ni. Ní 2014, Irving Finkel ti British Museum gbé ìtumọ̀ wàláà kan jáde tó ti tó nǹkan bí 3,700 ọdún. Ọkọ̀ roboto ni òrìṣà ní kí Atrahasis ṣe, okùn tí wọ́n ká yípo yípo, tí wọ́n fi ọ̀dà ilẹ̀ rẹ́ tinú tòde. Irú ọkọ̀ roboto bẹ́ẹ̀ ṣì ń kó èrò àti ẹrù lórí odò ní Baghdad ní ọ̀rúndún ogún. Onítàn mú ohun tí gbogbo ará odò mọ̀, ó sọ ọ́ di ńlá, ó ní gbogbo ààyè ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 3,600 mítà onígun mẹ́rin (square metres).

Àlàyé mìíràn tó lókìkí ni ti Òkun Dúdú. Ní 1997, William Ryan àti Walter Pitman, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkun, kọ ọ́ pé ní nǹkan bí 7,600 ọdún sẹ́yìn, omi òkun Mẹditaréníà já gba Bosporus, ojú omi tóóró kan ní ilẹ̀ Tọ́kì, wọ adágún tó wà níbẹ̀, ó sì lé àwọn tó ń gbé etí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ò gbà pé omi náà ya wọlé lójijì bẹ́ẹ̀. Èyí tó mú kí èmi fà sẹ́yìn ni pé omi ibẹ̀ ò fà mọ́ títí dòní. Nínú wàláà, omi fà, ilẹ̀ gbẹ, èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan náà ni mo rí sí òkun tó wà láàárín Ìráàkì àti Oman. Lóòótọ́, ní 20,000 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀, torí òkun fi nǹkan bí 120 mítà relẹ̀ ju ti òní lọ, kó tó wá kún díẹ̀díẹ̀. Omi tó kún dúró ò jọ èyí tí ìtàn sọ. Ìwà odò ló jọ ọ́.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, Odò Yẹ́lò náà ń gbé ẹrẹ̀ tẹ́ abẹ́ ara rẹ̀, ìtàn ìkún-omi wọn sì ní Yu, ẹni tó gbẹ́ ojú omi fún ọdún mẹ́tàlá títí omi fi rí ọ̀nà lọ. Ní 2016, Wu Qinglong àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òkè kan ya dí odò náà ní Jishi, tó sì já ní nǹkan bíi 1920 kí a tó bí Jésù. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá ti Yu nìyẹn. Ti Ilé-Ifẹ̀, níbi tí omi ti bo gbogbo ayé kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ kí adìyẹ tàn án, ìtàn ìṣẹ̀dá ni. Kò yẹ ká pò ó mọ́ ìtàn omi tó pa ìlú tó ti wà run.

Ó ku bí ìtàn Mesopotámíà ṣe rìn. Ilẹ̀ olókè ni Kénáánì, inú àfonífojì jíjìn ni Jọ́dánì ń gbà ṣàn, kò sí odò kan níbẹ̀ tó lè bo ilẹ̀ títí dé ojú sánmà. Síbẹ̀, wọ́n ti hú àfọ́kù wàláà ìtàn Gilgamesh, ìtàn tí Utnapishtim wà nínú rẹ̀, ní Megiddo, wọ́n sì hú ti ìkún-omi gan-an ní Ugarit létí òkun Síríà, méjèèjì ti ju 3,000 ọdún lọ. Àwọn akọ̀wé tó ń kọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà Bábílónì ló gbé e débẹ̀, tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó kó àwọn Júù nígbèkùn lọ sí etí odò Bábílónì fúnra rẹ̀.