Pípọ́n ayùn ọwọ́: fáìlì nìkan kò tó

Ayùn tí kò mú mọ́ kì í fara pamọ́. Ó ń wúwo lọ́wọ́, ó ń yà kúrò lórí ìlà, káfíńtà á sì làágùn kó tó gé pákó kan já. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á mú fáìlì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni ayùn ti ń bàjẹ́. Eyín tó ga á ṣì ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, èyí tó kúrú kò sì ní fara kan igi rárá.

Títẹ́ eyín dọ́gba ló ṣáájú. Fáìlì pẹlẹbẹ ni a ó fi wọ́ orí gbogbo eyín láti ìdí èèkù dé òpin ayùn, títí ojú kékeré kan yóò fi máa dán lórí eyín kọ̀ọ̀kan. Ojú dídán yìí ni amọ̀nà. Fáìlì onígun mẹ́ta ló kàn, a ó sì máa fi pọ́n àárín eyín títí ojú dídán náà yóò fi parẹ́. Bó bá ti parẹ́, kí ọwọ́ dúró. Báìsì ní láti di ayùn mú láàárín pákó méjì, kí eyín nìkan yọ síta díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin á máa gbọ̀n. Títì síwájú nìkan ni fáìlì fi ń jẹ irin, nítorí náà a gbọ́dọ̀ gbé e sókè nígbà tó bá ń padà bọ̀.

Iṣẹ́ tí ayùn fẹ́ ṣe ló ń sọ bí fáìlì yóò ṣe dúró. Èyí tí a fi ń la igi ní òró, gbọnrangandan la ó ti fáìlì kọjá lára rẹ̀. Èyí tí a fi ń gé igi ní ìbú, a ó da fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bí dígíríì 20, kí ṣóńṣó eyín lè kọ́kọ́ gé fọ́nrán igi ní ọ̀tún àti ní òsì.

A tún gbọ́dọ̀ tẹ eyín síta, ọ̀kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì, kí ọ̀nà tí ayùn là lè fẹ̀ ju ara irin lọ. Bí kò bá fẹ̀, igi á fún ayùn mọ́ra. Ìdajì òkè eyín ni a ń tẹ̀, torí eyín tí a bá tẹ̀ láti ìdí lè kán. Igi tútù ń fẹ́ kó fẹ̀ dáadáa. Ọgànwó tó ti gbẹ kò béèrè púpọ̀. Lẹ́yìn èyí la ó fi fáìlì kan eyín lẹ́ẹ̀kan sí i, fẹ́rẹ́fẹ́.

Ìrókò ní ọ̀ràn tirẹ̀. Òkúta líle máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, èròjà kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin, ó sì lè ba eyín ayùn jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí igi bá ti dúdú ju ìyókù lọ, ẹ rọra.

Ọ̀pọ̀ ayùn ìgbàlódé kò ṣeé pọ́n. Iná ni wọ́n fi mú eyín wọn le, orí eyín náà sì máa ń dúdú. Fáìlì kàn máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Irin rẹ̀ ṣì wúlò, a lè gé e fi ṣe ohun tí a fi ń ha ojú pákó.

Bí ayùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n bá ń yà sí òsì, eyín òsì ló yọ síta jù. Kí a fi òkúta ìpọ́nrin ra ẹ̀gbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kí a tún gé igi wò.