Orin Àtijọ́ Tó Wá Ń Gbòde: Kí Ló Ń Jí Wọn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Orin tí wọ́n ti gbé jáde kí ìyá mi tó lọ́kọ ni gbogbo ẹgbẹ́ mi ń kọ báyìí, wọ́n ń fi ṣe fídíò, àwọn kan tiẹ̀ rò pé orin tuntun ni. Báwo lorin ṣe ń sùn fún ọgbọ̀n ọdún kó tó wá jí?

Orin ọ̀hún ò ṣe nǹkan kan o. Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ náà ló ṣì wà, ohùn kan ò kúrò níbẹ̀, ìlù kan ò wọlé. Ohun tó wà láyìíká ẹ̀ ló yí padà.

Mú Kate Bush, akọrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. August 1985 ló gbé "Running Up That Hill" jáde. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ ọ nígbà náà o, ó dé ipò 3 lórí ṣáàtì wọn níbẹ̀, ìyẹn àtòjọ orin tó gbajúmọ̀ jù lọ́sẹ̀, àmọ́ ní Amẹ́ríkà ipò 30 lágbára ẹ̀ mọ, kálukú sì bá tiẹ̀ lọ. Ó wá di May 2022 tí Netflix gbé apá kẹrin eré alápá púpọ̀ kan tó ń jẹ́ Stranger Things síta. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹ̀ tí iwin burúkú kan ti dè lọ́kàn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, ó ń léfòó lókè, ojú ẹ̀ ti yí, làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá sáré fi orin tó fẹ́ràn jù sí i létí, orin yìí gan-an ni, òun ló sì fi rọ́nà sá padà sáyé. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ tán, ṣé ó máa gbàgbé orin yẹn ni? Nígbà tó fi máa di June, ó ti gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà náà ó ń gòkè títí ó fi dé ipò 3. Ọdún 37 ń lọ lórí orin náà nígbà yẹn, ìyá náà fúnra ẹ̀ sì ti pé ẹni ọdún 63.

Ìbéèrè: Ṣé fíìmù ló wà nídìí ẹ̀ nígbà náà?

Fíìmù ló dàgbà jù nínú gbogbo ohun tó ń jí orin, ó ti ń ṣe é kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dáyé. Ben E. King kọ "Stand By Me" ní 1961. Ní 1986 wọ́n ṣe fíìmù kan, wọ́n tiẹ̀ fi orúkọ orin náà pè é, orin bá padà sáàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 1987 ó gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí níbẹ̀ wọ́n tún fi polówó ṣòkòtò jíìnsì. "Murder on the Dancefloor" ti Sophie Ellis-Bextor náà, 2001 ló jáde. Fíìmù Saltburn lò ó níparí ní 2023, January 2024 ó ti padà sípò 2 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ ṣáàtì Hot 100 ti Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti "Unchained Melody". Àwọn Righteous Brothers ti kọ ọ́ ní 1965. Ní 1990, fíìmù Ghost lò ó níbi tí olólùfẹ́ méjì ti ń mọ ìkòkò, làwọn èèyàn bá ń ya lọ ṣọ́ọ̀bù lọ béèrè àwo. Àwọn akọrin náà gbọ́n, wọ́n padà sí stúdíò wọ́n tún orin kan náà kọ, wọ́n gbé e síta fún títà. Rédíò ní tiwọn ń lo ti 1965, ṣọ́ọ̀bù ń ta ti 1990, bí orin kan náà, látẹnu àwọn kan náà, ṣe wọ inú ogún àkọ́kọ́ Hot 100 lẹ́ẹ̀mejì nígbà kan náà nìyẹn, orin ń bá ara ẹ̀ figagbága!

Ohun kan wà tí mo ti ṣàkíyèsí ṣá. Orin tó kàn ń dún lábẹ́lẹ̀ nígbà táwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ kì í sábà jí. Èyí tó ń jí ni èyí tí ẹni tó wà nínú fíìmù fúnra ẹ̀ ń lò, ó ń jó sí i, ó ń gbọ́ ọ létí, ó ń kọ ọ́ nínú mọ́tò. Rántí "Bohemian Rhapsody" ti ẹgbẹ́ akọrin Queen: ní 1976 ipò 9 ló dé ní Amẹ́ríkà, ó wá di 1992 tí fíìmù Wayne's World kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan sínú mọ́tò tí wọ́n ń mi orí wọn bí ẹni pé ó fẹ́ já, ó bá gòkè dé ipò 2. Òótọ́ ni pé Freddie Mercury, tó ń ṣáájú orin wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní November 1991, ikú náà wà níbẹ̀, torí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ikú yẹn nìkan ti tó láti dá a padà sípò kìíní. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, orí tí wọ́n ń mì nínú mọ́tò yẹn ló ṣiṣẹ́ jù lójú tèmi.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí mò ń gbọ́ lórí TikTok ò sí nínú fíìmù kankan.

Iṣẹ́ kan náà ni TikTok ń ṣe, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìwọ gan-an lòṣèré. Ní September 2020 ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ń lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ ẹ̀ dákú lọ́nà, ó bá gun pátákó onítáyà ẹ̀, ó ń yọ̀ lọ lójú títì, ó ń mu júùsì látẹnu ìgò ńlá kan, "Dreams" ti Fleetwood Mac ń dún, ó sì ń fi ẹnu bá a kọ ọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ayé ló wo fídíò yẹn, orin 1977 bá padà sórí Hot 100. Ohun tó mú un dùn kò ju pé ọkọ̀ bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni kan tí ara ò sì ni ín, gbogbo wa la fẹ́ rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn tí Kòrónà há wa mọ́lé.

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni TikTok ń fẹ́ nínú orin. Kò béèrè ọdún tó jáde, kò béèrè èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, bí aṣọ ni, kálukú á rán an bó ṣe wù ú. Ìdí nìyẹn tí orin CKay, "Love Nwantiti", tó jáde ní 2019, tó ní rímíìsì ní 2020, fi jẹ́ pé 2021 ló tó rìn káàkiri ayé tó dé ipò 3 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó sí i ò sì mọ ohun tí nwantiti túmọ̀ sí. "Truth Hurts" ti Lizzo náà, 2017 ló jáde, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, September 2019 ló gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ìyẹn lẹ́yìn tí fíìmù kan lórí Netflix lò ó táwọn TikTok sì ń fi ìlà kan nínú ẹ̀ ṣe àwàdà. Tọ̀túntòsì ló fi wọlé.

Ìbéèrè: Kí fóònù tó dé, ṣé àwọn èèyàn ò gbọ́ orin àtijọ́ ni?

Wọ́n ń gbọ́ ọ! Ibi tí mo fẹ́ kó o dé gan-an nìyẹn, torí ìdajì àlọ́ yìí inú ìṣirò ló wà.

Láyé àwo àti kásẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n ń kà ni iye tí ṣọ́ọ̀bù tà lọ́sẹ̀ yẹn pẹ̀lú bí rédíò ṣe ń lò ó sí. Tó o bá ra àwo kan ní 1977, o lè máa lò ó nílé ẹ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, kí àwo náà máa há, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kà ọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà ò sì láyè púpọ̀, ti tuntun bá ti dé wọ́n á palẹ̀ tàná mọ́, ìwọ tó o wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orin náà lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, níbo lo ti fẹ́ rí i rà? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orin 1958 àti orin tó jáde lánàá, orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n jọ wà, gbogbo ìgbà tó o bá sì tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń kà á. Ẹ̀rọ tó ń yan orin fún ẹ kò tiẹ̀ mọ àtijọ́ yàtọ̀ sí tuntun bí rédíò ṣe mọ̀ ọ́n, ohun tó ń wò ni pé àwọn tó gbọ́ tibí gbọ́ tọ̀hún, ó tán.

Wo Mariah Carey. 1994 ló gbé "All I Want for Christmas Is You" jáde, gbogbo ayé gbọ́ ọ lọ́dún yẹn, kò sì wọ Hot 100 rárá. Kí ló dé? Wọn ò tà á lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwo tó ní orin kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, òfin Billboard, àwọn tó ń ṣe Hot 100, nígbà yẹn sì ni pé orin tí ò bá sí lórí igbá lọ́nà bẹ́ẹ̀ ò lè wọlé. December 1998 ni wọ́n tó pa òfin yẹn tì. Orin náà kọ́kọ́ yọjú ní January 2000 nípò 83, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, December 2019 ló tó gba ipò kìíní, ọdún 25 gbáko. Ti Brenda Lee tún wá le ju ìyẹn lọ: ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó kọ "Rockin' Around the Christmas Tree" ní 1958, ó sì ti di ẹni ọdún 78 kí orin náà tó gba ipò kìíní ní December 2023. Ṣé o rí i, orin Kérésì ò sùn rí. Ọdọọdún ni wọ́n ń lò ó nílé, nínú ṣọ́ọ̀bù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò kàn sí ẹni tó ń kà á ni.

Àwọn tó ń ṣe ṣáàtì náà mọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ní òfin tó ń gé iye tí wọ́n ń kà fún orin àtijọ́ kù, kí tuntun lè ráyè mí. Òfin yẹn mú Kate Bush pàápàá ní 2022. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ orin ẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin náà ló gba ipò kìíní. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún ẹ pé orin kan "gbajúmọ̀ jù", kọ́kọ́ bi í pé ta ló kà á, báwo ló sì ṣe kà á.

Ìbéèrè: Owó ńkọ́? Akọrin náà á ti di olówó nìyẹn.

Ó dọwọ́ ẹni tó ni í. Kate Bush ló kọ ọ̀rọ̀ orin ẹ̀, òun ló ṣe é ní stúdíò, òun náà ló ni ẹ̀tọ́ sí àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀, fún ìdí èyí ó jẹun dáadáa. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Sixto Rodriguez, ará Detroit, gbé "Cold Fact" jáde ní 1970, kò tà ní Amẹ́ríkà, ó fi orin sílẹ̀, ó ń ṣe lébìrà, ó ń wó ilé. Kò mọ̀ pé ní South Africa orin òun ti di ohun tí gbogbo ilé ní, àwọn kan níbẹ̀ tiẹ̀ gbà pé ó ti kú. Àwọn olólùfẹ́ orin ẹ̀ ló wá a kàn, ó lọ kọrin fún wọn ní 1998, èrò kún ibẹ̀ bámúbámú, gbogbo ọdún tó fi ń gbé búlọ́ọ̀kù yẹn owó àwo South Africa ò dọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn míì ò tiẹ̀ rí i. Jackie Wilson kú ní January 1984, "Reet Petite" tó kọ ní 1957 gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Kérésì 1986, fídíò tí wọ́n fi amọ̀ mọ ló jí i. Miki Matsubara ọmọ Japan kú ní 2004, orin 1979 ẹ̀, "Mayonaka no Door", wá gba gbogbo ayé kan ní 2020.

Ìbéèrè: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ilé iṣẹ́ orin ò lè mọ̀ọ́mọ̀ jí èyí tó bá wù wọ́n?

Wọ́n ń gbìyànjú ẹ̀ o, ojoojúmọ́. Wọ́n á mú orin ṣe rímíìsì, wọ́n á sáré ohùn ẹ̀ kó lè yá, wọ́n á sanwó fún àwọn tó ń jó lórí TikTok. Ó máa ń ran èyí tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó jókòó, ó máa jókòó ni.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Brave Girls, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní South Korea. "Rollin'" jáde ní March 2017, kò gbéra, ilé iṣẹ́ wọn ṣe ìwọ̀nba tí wọ́n lè ṣe. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n ń lọ kọrin fáwọn ọmọ ogun ní bárékè, ìrìn àjò jíjìn, òde tí akọrin ńlá kì í fẹ́ lọ. Àwọn sójà yẹn fẹ́ràn orin náà débi pé ẹni tó bá parí iṣẹ́ ológun ẹ̀ á fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí ogún. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2021 àwọn ọmọbìnrin náà ti ń múra láti túká. Ní February ọdún yẹn gan-an, ẹnì kan kó fídíò àwọn òde sójà yẹn pọ̀ sórí YouTube, ó fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ táwọn èèyàn kọ sábẹ́ wọn kún un. Lóṣù tó tẹ̀ lé e "Rollin'" ti wà lókè gbogbo ṣáàtì orílẹ̀-èdè wọn. Ta ni ilé iṣẹ́ máa sanwó fún láti ṣe irú ẹ̀? Ọdún mẹ́rin làwọn sójà fi ṣe ìpolówó yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì mọ̀ pé ìpolówó làwọn ń ṣe.

Ìbéèrè: Èwo lẹ rò pé ó máa jí tẹ̀ lé e?

Má bi mí, wo ti Connie Francis, akọrin ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 2025. Ní 1962 ó kọ orin kékeré kan, "Pretty Little Baby", wọ́n kàn fi kún àwo lásán ni. Ní 2025 ó gba orí TikTok, ọ̀kẹ́ àìmọye fídíò ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n lọ bá ìyá náà kó tó kú, ẹni ọdún 87 ni nígbà yẹn, ó ní òun ò rántí pé òun kọ orin náà rí, àfi kóun tún lọ gbọ́ ọ.