Function àbínibí nínú Lua: ohun tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ géèmù yín

Lọ́dún 1993 ni wọ́n ṣe Lua, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní yunifásítì PUC-Rio, ní Rio de Janeiro, lórílẹ̀-èdè Brazil. Èdè náà kéré, ó yára, ó sì rọrùn láti kì bọ inú ètò ńlá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ géèmù fi fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń kọ àfikún fún géèmù World of Warcraft. Èdè Luau tí Roblox, pèpéle géèmù orí ayélujára, ń lò, ara Lua ló ti jáde.

Function ni àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ. Ẹ pe orúkọ náà, ẹ fi ohun tó máa lò sínú àkámọ́, yóò ṣiṣẹ́, ó sì lè dá èsì padà. Function àbínibí ni èyí tó ti bá èdè náà wá, tí ẹ kò ní láti kọ fúnra yín.

Ẹ wo math.random. Ká ní ẹ kò fẹ́ kí idà akọni inú géèmù yín máa ṣe ọ̀tá léṣe ní ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ kọ math.random(5, 10), odidi nọ́ńbà kan yóò jáde láti 5 dé 10. Bí àkámọ́ bá ṣófo, ìdá nọ́ńbà ni yóò dá padà, láti 0 lọ, ṣùgbọ́n kò ní pé 1 láé. Nínú Lua 5.3 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe math.randomseed (òun ló ń yan ibi tí àwọn nọ́ńbà yóò ti bẹ̀rẹ̀), láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà kan náà lè máa tò tẹ̀lé ara wọn nígbàkígbà tí ẹ bá tan géèmù. Lua 5.4 ń ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀.

Table ni àpótí tí Lua ń to nǹkan sí. table.insert ń fi nǹkan kún un, table.remove sì ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Bí ẹ bá ń yọ ọta ìbọn tó ti kọjá ojú ìwòran bí ẹ ṣe ń ka table náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, èyí tó tẹ̀lé e yóò bọ́ sí àyè rẹ̀, ẹ ó sì fò ó dá. Ẹ máa kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú.

Ní ti tonumber, ó ń sọ ọ̀rọ̀ "20" di nọ́ńbà 20. Bó bá jẹ́ "ogún" ni ẹ fún un, nil, ìyẹn "kò sí nǹkan kan", ni yóò dá padà, nítorí náà ẹ yẹ èsì rẹ̀ wò kí ẹ tó fi ṣe ìṣirò.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ Lua tètè mọ̀ ni pé kò sí odi tó dáàbò bo àwọn orúkọ wọ̀nyí. Function tó ń kọ nǹkan jáde ni print. Bí ẹ bá kọ print = 5, Lua kò ní bá yín jà; ẹ̀yìn ìgbà náà, nígbà tí ẹ bá pe print, ni géèmù yóò dá dúró pẹ̀lú àṣìṣe. Ẹ má ṣe sọ ohun tiyín ní orúkọ tí èdè náà ti ń lò.

Kì í sì í ṣe gbogbo function tó wà nílẹ̀ ló jẹ́ ti Lua. Ti LÖVE, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù, ni love.graphics.draw tó ń ya àwòrán sójú ìwòran. Ti love.update tún yàtọ̀: ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́, LÖVE ló ń pè é léraléra bí géèmù ṣe ń lọ. Ẹni tó bá gbé kóòdù rẹ̀ kúrò nínú irinṣẹ́ kan lọ sí òmíràn yóò rí i pé math.random bá a lọ, ṣùgbọ́n love.graphics.draw kò sí níbẹ̀. Àwọn onígéèmù míì tún máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ti Lua fúnra rẹ̀: nínú World of Warcraft, kò sí io, ìyẹn àwọn function tó ń ṣí fáìlì, kí àfikún tí ẹnìkan kọ má bàa máa ṣí fáìlì orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Láti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ èyí sínú Lua (_G ni table tó kó àwọn orúkọ tó wà nílẹ̀ jọ):

for k in pairs(_G) do print(k) end

Yóò to orúkọ wọn jáde, láìtẹ̀lé ètò kankan. Orúkọ bíi math àti string tí ẹ bá rí, table ni wọ́n. Ẹ fi math rọ́pò _G, àwọn function inú rẹ̀ yóò hàn. Ẹ tún kọ print(_VERSION) kí ẹ lè mọ ẹ̀dà Lua tí ẹ ń lò.